Anẹ́mónì Kápẹ́ẹ̀tì: Ẹ Jẹ́ Kó Jókòó Ná!

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ anẹ́mónì kápẹ́ẹ̀tì, ẹran òkun tó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, la fẹ́ sọ lónìí, ẹ sì jẹ́ n tètè sọ ìdí tí mo fi ṣe fídíò yìí. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sọ́dọ̀ mi ṣáá: "Mo rà á lánàá, ó rẹwà, mo gbé e sínú táńkì, ìgbà tí mo máa jí láàárọ̀ yìí ó ti súnkì, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀. Ibo ni kí n gbé e lọ báyìí?" Èsì mi ò yí padà rí: ẹ má gbé e lọ síbì kankan. A máa dé orí ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ pẹ́.

Ẹni tó bá ń wo irú fídíò báyìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ammonia, ìyẹn oró tó ń tinú ìdọ̀tí ẹja jáde, mi ò ní padà sórí ìyẹn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni irú èyí tó wà níwájú yín, torí mẹ́ta la sábà máa ń rí, ìwà wọn ò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni Stichodactyla haddoni. Inú iyanrìn ni ilé ẹ̀. Á ki ẹsẹ̀, ìyẹn ìdí tó fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, bọ ìsàlẹ̀ iyanrìn, á wá tẹ́ ara rẹ̀ sórí rẹ̀. Ìka ara rẹ̀, ìyẹn àwọn ọwọ́ kéékèèké tó bo ara rẹ̀, kúrú, wọ́n sì pọ̀ gan-an, ohun tí wọ́n bá dì mú, wọn kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Èkejì ni Stichodactyla gigantea, ìka tirẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, tí ara rẹ̀ bá sì le, ìka wọ̀nyẹn á máa gbọ̀n fúnra wọn, kódà kí omi má mì. Ibi tí òkun ò ti jìn, tí oòrùn ti ń ta gan-an, ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ̀kẹta, Stichodactyla mertensii, òkúta ló máa ń lẹ̀ mọ́. Òun ló tóbi jù, ó lè fẹ̀ ju mítà kan lọ. Tẹ́ ẹ bá rí abẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí àmì róbótó róbótó aláwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ àlùkò.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, haddoni ni kẹ́ ẹ mú. Mo fẹ́ràn gigantea débi pé mo lè jókòó ti ìka rẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn fún wákàtí kan, àmọ́ ìrìn àjò máa ń pa á lára gan-an, àìsàn sì máa ń bá a wọlé. Ti mertensii, àfi tí táńkì yín bá tóbi gidi.

Ó dáa. Ẹ ti dé iwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ má wo àwọ̀ ná! Ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn ihò tó wà láàárín gbùngbùn. Ó yẹ kó padé. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Bó bá ya, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tó bá ti ya ni kòkòrò máa gbà wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ fi orí ìka kan kàn án: ìka ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbá ìbọ̀wọ́ mú, tẹ́ ẹ bá sì ń fa ọwọ́ padà, ẹ máa rí i tí wọ́n ń gùn tẹ̀lé ọwọ́ yín kí wọ́n tó já. Èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ara rẹ̀ ò yá.

Ẹ wá lè wo àwọ̀ báyìí. Funfun báláú kì í ṣe ẹwà o! Àwọn ohun tíntín kan wà nínú ẹran ara anẹ́mónì tí wọ́n ń pè ní zooxanthellae, àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń jẹ. Tó bá ti funfun, wọ́n ti lọ nìyẹn, ebi ló sì ń pa á níbi tó tẹ́ sí yẹn. Ti aláwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn yòò, tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba láti ìka dé ẹsẹ̀, ẹ fura sí i dáadáa, torí àwọn kan máa ń pa á láró kí wọ́n tó gbé e síta.

Táńkì ńkọ́? Kó ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ọdún kan ló dára jù. Ooru omi, dígírì Celsius 25 sí 27. Ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity, ìyẹn bí omi náà ṣe wúwo tó sí omi lásán), 1.025 sí 1.026. pH, ìyẹn ìwọ̀n ásíìdì omi, 8.1 sí 8.4. Nitrate, ìyẹn ohun tó ń kù lára ìdọ̀tí ẹja, ẹ má jẹ́ kó ga, àmọ́ kò pọn dandan kó di òdo. Mi ò ní pẹ́ lórí nọ́ńbà wọ̀nyí, torí kì í ṣe nọ́ńbà ló ń pa anẹ́mónì bíkòṣe kí nọ́ńbà máa lọ sókè sódò. Omi tó bá gbẹ kúrò nínú táńkì, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ dí i lójoojúmọ́. Bàbà (copper) kò gbọ́dọ̀ kan omi yẹn láé: oògùn ẹja tó bá ní bàbà nínú, ẹ má dà á síbẹ̀.

Iná gbọ́dọ̀ lágbára, àmọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti inú òkùnkùn ọ̀rá, ẹ má ṣe tan gbogbo iná lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Omi tó ń sáré kọjá lára rẹ̀ ní tirẹ̀, kó máa mi ìka rẹ̀, kó má ká etí rẹ̀ bò ó lẹ́nu.

PỌ́ǸPÙ! Ẹ gbọ́ o, PỌ́ǸPÙ! Kó tó wọlé ni kẹ́ ẹ ti fi fóòmù tàbí àwọ̀n bo ẹnu gbogbo pọ́ǹpù tó wà nínú táńkì, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá wọlé. Anẹ́mónì máa ń rìn. Tó bá rìn lóru, tí pọ́ǹpù fà á wọnú, ohun tẹ́ ẹ máa bá lówùúrọ̀ ni ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ káàkiri omi, oró rẹ̀ sì lè pa ẹja yòókù. Ẹ bo ẹnu pọ́ǹpù!

Gbígbé e wọlé rọrùn. Ẹ jẹ́ kí omi táńkì máa kán sínú omi tó bá a wá fún bíi wákàtí kan. Ẹ pa pọ́ǹpù fúngbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ haddoni, iyanrìn yín yẹ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí òkúta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ọ̀nà ṣí dé ìsàlẹ̀ táńkì, torí ó fẹ́ ohun líle tó máa fi ẹsẹ̀ dì mú. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ gbẹ́ kòtò kékeré, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i, ẹ dúró títí ó fi dì í mú, kẹ́ ẹ tan pọ́ǹpù padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà? Ẹ KÓ ỌWỌ́ KÚRÒ.

Ibí yìí ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í. Ó fẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, inú wọn dùn. Ó súnkì lọ́jọ́ kejì, àyà wọn já. Wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó tún súnkì. Wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Wọ́n ju edé sí i lẹ́nu kó lè lókun. Ó pọ edé náà jáde. Wọ́n bá fà á tu, ẹsẹ̀ ya, ó parí.

Ẹ ti gbé ọmọ tuntun sùn rí? Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, á yí ara, á kùn díẹ̀, á fà bí ẹni fẹ́ ké. Ẹni tó bá mọ ọmọ tọ́jú, á dúró, kò ní mí sókè. Ọmọ náà á fúnra rẹ̀ sùn lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ti sáré gbé e, tó ń bi í pé "kí ló dé, kí ló dé", ó ti jí i nìyẹn, ó di àjíìsùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rọ̀ anẹ́mónì yìí ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkùn ló ń kùn, ẹ dúró.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ ń rí gan-an. Anẹ́mónì ò ní egungun, omi ló fi ń gbé ara ró, ẹnu kan ṣoṣo tó fi ń jẹun náà ló fi ń yàgbẹ́. Ìgbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ omi inú rẹ̀, á tú gbogbo rẹ̀ jáde, á rọ̀ wọlẹ̀, á súnkì sí ojú kan. Ẹ bá sún mọ́ gíláàsì: ẹ máa rí i tí etí ẹnu rẹ̀ yí síta díẹ̀, tí nǹkan rẹ́rẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ ń yọ jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí omi á sì gbé e lọ. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, etí rẹ̀ lápá kan á kọ́kọ́ gbé sókè, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á padà fẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é! Ìgbọ̀nsẹ̀ lásán ni.

"Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ tó bá ń kú lóòótọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tí ẹnu rẹ̀ bá là gbàgà láì padé, tí ìfun yọ síta, tí ẹran ara rẹ̀ ń yọ́, tí omi sì ń rùn, ó ti kú. Ẹ gbé e jáde LẸ́SẸ̀KẸSẸ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ omi púpọ̀, kẹ́ ẹ sì fi èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sí i. Àmọ́ ìkan wà láàárín: èyí tó ń wú tó ń rọ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í fẹ́ padé, tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan mọ́. Bakitéríà ló sábà máa ń fa ìyẹn. Àwọn tó ń tọ́jú gigantea máa ń fi ciprofloxacin, oògùn tó ń pa bakitéríà, wò ó nínú táńkì mìíràn tó dá wà. Ẹ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ má sì da oògùn yẹn sínú táńkì ńlá, torí á pa bakitéríà rere tó ń jẹ ammonia níbẹ̀.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ gbé èyí tó yè kúrò lójú kan, ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé òkúta tó dì mú kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì ló lẹ̀ mọ́, ẹ fi èékánná inú ìbọ̀wọ́ máa ṣí etí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún ṣí i. Kò sí fífà.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀, torí ìtàn yìí máa ń wú mi lórí. Lọ́dún 1828, Sir John Dalyell, onímọ̀ nípa ẹranko, mú anẹ́mónì kékeré kan létí òkun Scotland. Kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì o, irú anẹ́mónì mìíràn tó ń jẹ́ Actinia ni, inú ìgò omi òkun ló sì ń gbé. Dalyell kú lọ́dún 1851. Anẹ́mónì náà ò kú. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, "Granny" ni wọ́n ń pè é, ọdún 1887 ló tó kú! Ẹ ronú sí i kẹ́ ẹ tó ra tiyín. Ẹran tó lè pẹ́ láyé ju olówó rẹ̀ lọ lẹ fẹ́ mú wálé, ọ̀sẹ̀ méjì tí kò tíì jókòó dáadáa kò tó nǹkan.

Oúnjẹ. Tó bá ti jókòó, tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ máa fún un ní edé tàbí ẹja òkun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má ju èékánná àtàǹpàkò yín lọ. Ó lè gbé èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ mì, mo mọ̀. Ọ̀la ló máa pọ̀ ọ́, omi yín á bàjẹ́.

Ó sì lè jẹ ẹja yín o. Haddoni pàápàá! Ẹja tó bá ń sùn sórí iyanrìn, tàbí tó ń rọra rìn nísàlẹ̀, ẹ má kó wọn pọ̀. Á lẹ̀ mọ́ ọn, etí á ká bò ó, ó tán.

Clownfish, ẹja kékeré tó máa ń fi anẹ́mónì ṣe ilé, la mọ̀ jù pé ara wọn gbà á, kódà ìyẹn náà lóhun tó bá a mu. Nínú òkun, irú clownfish tó ń jẹ́ Amphiprion ocellaris àti percula ló ń bá gigantea gbé, polymnus àti clarkii ló ń bá haddoni gbé. Èyí tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú táńkì lè máà mọ ohun tí anẹ́mónì jẹ́ rárá. Á kọ́kọ́ fi ìrù kàn án, á fò sẹ́yìn, á tún padà wá, títí oró náà ò fi ní ràn án mọ́. Òmíràn á wọlé lọ́jọ́ kan náà, òmíràn á lo oṣù púpọ̀, òmíràn ò sì ní wọlé láé. Ẹ má fi àwọ̀n tì í síbẹ̀. Anẹ́mónì ò nílò clownfish kó tó yè, iná àti omi tó dúró ṣinṣin ló nílò.