Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ: láti kíláàsì dé ìdí òfì ní Ògìdì

Ẹ ọkun o, ẹ̀yin ará ilé, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́kọ́jà, Àbújá, Èkó tẹ́ ẹ ń wò wá. Ẹ wo aṣọ pupa tó wà lójú fóònù yín yẹn dáadáa ná. Aṣọ ìpò nìyẹn, aṣọ àwọn ará Bùnú ní Kogí níbí, láyé àtijọ́ òun ni wọ́n máa ń lò níbi ìsìnkú àwọn ìjòyè, ọkùnrin ló sì máa ń hun ún o, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ló ń hun èyí tó kù, funfun àti dúdú. Ibi tí wọ́n ti rí òwú pupa yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Aṣọ òyìnbó pupa ni wọ́n ń rà, wọ́n á jókòó tú u lọ́kọ̀ọ̀kan òwú, wọ́n á wá fi òwú tí wọ́n tú yẹn hun tiwọn. Ẹni tí ò mọ̀ á ní àwọn bàbá yẹn kàn ń tẹ̀ lé àṣà ni. Àṣà wo! Wọ́n ń dán nǹkan wò ni, nǹkan tí wọ́n sì ń kọ́ọ̀yàn ní yunifásítì lónìí nìyẹn gan-an.

Àwọn àbúrò wa ní Kàbà, Mọ́pà, Ìsánlú máa ń bèèrè pé ṣé ó di dandan kéèyàn lọ síléèwé kó tó lè di onídísáìnì aṣọ. Kò di dandan, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ní ABU Zaria, abẹ́ Industrial Design ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Yaba Tech, Auchi Poly náà sì rèé tí ò jìnnà sí wa, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Ẹ máa ya àwòrán, ẹ máa kọ́ àwọ̀, wíwun, rírẹ aṣọ, títẹ nǹkan sórí aṣọ, àti nǹkan tí wọ́n fi ṣe aṣọ fúnra ẹ̀. Àwòrán yíyà yẹn ló máa ń sú àwọn èèyàn jù, ẹ ṣá fara dà á.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan hàn yín. Ẹ ya òdòdó kan sáàárín bébà, ẹ má jẹ́ kó kan etí. Ẹ gé bébà yẹn sí méjì lóòró, ẹ gbé apá ọ̀tún lọ sósì, ẹ gbé tòsì wá sọ́tùn-ún, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ wá ya nǹkan míì sí àárín tó ṣófo yẹn. Ẹ tún gé e níbùú, kẹ́ ẹ ṣe bákan náà. Tẹ́ ẹ bá tẹ bébà yẹn sórí aṣọ léraléra, etí rẹ̀ á bára mu, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ańkárá tẹ́ ẹ ń rà, irú ọgbọ́n yẹn ló wà nídìí ẹ̀.

Ní ti aró, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni kíláàsì àti ìyá àgbà ti pàdé. Àwọn ìyá wa máa ń gún ewé èlú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, tó bá gbẹ wọ́n á kó o sínú ìkòkò omi eérú, wọ́n á fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan kó kan. Wọ́n mọ ìgbà tó kan dáadáa, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò. Kíláàsì ló máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò fún yín: búlúù inú èlú kì í yòrò nínú omi lásán, bó ṣe ń kan yẹn ló ń yọ ọ́síjìn kúrò lára ẹ̀, ìgbà yẹn ló tó lè yòrò wọnú òwú. Tẹ́ ẹ bá yọ aṣọ jáde, àwọ̀ ewé lẹ máa kọ́kọ́ rí, tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ sí i ó ń di búlúù lójú yín bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn aláró fi ń rì í, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n tún ń rì í padà. Lóde òní kọ́stíìkì sódà àti háídírò, kẹ́míkà méjì tó ń ṣiṣẹ́ kíkan yẹn, ni wọ́n ń lò, ó yá, ṣùgbọ́n kọ́stíìkì máa ń jó ara o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì ṣe é níta.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rẹ ohunkóhun, ẹ fa òwú kan yọ lára aṣọ yẹn, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí omi wà nítòsí, kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ kọ́tìnì, á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú ẹ̀ á rọ̀. Tó bá yọ́ tó sì di kókó líle, pọlísítà ni, aró èlú ò ní mú un, ẹni tó tà á fún yín ní kọ́tìnì ló mọ ohun tó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Ògìdì, ní Ìjùmú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aṣọ, lọ́dún 1951, ọwọ́ ìyá ìyá-àgbà ẹ̀ ló ti kọ́ wíwun àti àdìrẹ, lọ́dún 1996 ó dá ibi ìwunṣọ sílẹ̀ sí Ògìdì níbẹ̀. Èmi gbà pé ọmọ iléèwé tó bá wà ní Kogí tí ò tíì jókòó ti obìnrin kan nídìí òfì tó dúró sára ògiri yẹn, ìdajì ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Gbogbo wa la ń sáré lọ sídìí àdìrẹ torí ó yá, ó sì dùn ún yà fọ́tò, ṣùgbọ́n òfì ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ohun tí aṣọ jẹ́, òwú kan dúró, òwú kejì ń gba inú ẹ̀ kọjá, ibi tí wọ́n ti pàdé ni dísáìnì wà.

Òyìnbó náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anni Albers kọ́ wíwun ní Bauhaus, iléèwé iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, nígbà tó fẹ́ gba dìpúlómà ẹ̀ lọ́dún 1930, ó hun kọ́tìnì pọ̀ mọ́ sẹ̀lòféènì, ráápà tó ń dán yẹn, fún ògiri gbọ̀ngàn kan, kó lè máa gba ariwo mọ́ra kó sì máa tan iná padà. Ẹ wo tiẹ̀, ẹ wo àwọn ará Bùnú tó ń tú aṣọ òyìnbó, nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń dán nǹkan wò.

Ohun tó sábà máa ń ya àwọn tó ń kọ́ ọ sọ́tọ̀ síra wọn ni ìwé sáńpù. Ẹ gé aṣọ kan náà sí kékeré kékeré, nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá yí iye ìgbà tẹ́ ẹ rì í, ẹ má tún yí ìwọ̀n aró, torí tó bá dáa ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ kó dáa. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sábẹ́ ẹ̀, èyí tó bàjẹ́ náà ẹ lẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ẹ wá páálí, ẹ gé eyín sí orí àti ìdí ẹ̀, ẹ fi òwú dúdú dè é lóòró. Ẹ hun pupa wọlé sí i, ẹ tún ṣe òmíràn lórí òwú funfun, pupa kan náà o. Ẹ gbé méjèèjì síta lọ́sàn-án, ẹ wò ó bóyá pupa kan náà lẹ rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé sáńpù yín. Ó dìgbà fídíò tó ń bọ̀, ibẹ̀ la ti máa po láfún fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí aró má bàa wọ ibẹ̀.