Ojú Ọ̀run Nínú Kílóbáìtì Méjì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo rí i pé àwọn kan níwájú ti gbé fóònù jáde, wọ́n ti ń gbá géèmù kí n tó lanu. Kò burú, ohun tí a bá wá náà nìyẹn.

Géèmù ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tí ọkọ̀ kékeré kan wà lápá òsì, tí ojú ọ̀run ń sá lọ sẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀tá ń ya bọ̀ láti apá ọ̀tún, tí ìwọ náà sì di bọ́tìnnì ìbọn mú ṣinṣin bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ. Àwọn àgbà inú yín mọ̀ ọ́n lórí kásẹ́ẹ̀tì tí a ń kì bọ ẹ̀rọ, tí a fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin kékeré mọ̀ ọ́n lórí fóònù, níbi tí àwọn tó ń ṣe é lónìí ti mọ̀ọ́mọ̀ yà á kí ó lè jọ ti ọdún 1986. Ìbéèrè mi ni pé kí ló mú kí ti àtijọ́ dùn tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àfarawé rẹ̀ kò sì dùn tó o? Èmi gbà pé àìní ló mọ ọ́n. Àwọn tó ṣe é kò ní agbára ẹ̀rọ, wọ́n wá ń dá ọgbọ́n. Ẹni tó bá kó àwòrán wọn láìgba òfin tó bí àwòrán náà, ojú lásán ló kó.

Ìtàn rẹ̀ kò ní gùn. Ní 1962, Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní Amẹ́ríkà, kọ Spacewar! sórí kọ̀ǹpútà PDP-1: ọkọ̀ méjì ń bá ara wọn jà yí ìràwọ̀ kan ká. Ní 1978, Tomohiro Nishikado ti ilé iṣẹ́ Taito ní Japan gbé Space Invaders jáde. Ọ̀tá 55 tò lórí ìlà, wọ́n ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò lágbára láti ya gbogbo wọn kíákíá. Bí o bá ṣe ń pa wọ́n, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀rọ ń dín kù, àwọn tó ṣẹ́kù sì ń yára sí i. Nishikado rí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìpayà tó máa ń mú ẹni nígbà tó bá ku ọ̀tá kan ṣoṣo tó ń sáré kítikìti, inú àìlágbára ẹ̀rọ ló ti wá.

Àmọ́ ojú kan ni ìran wọ̀nyí dúró sí. Ní 1981, Eugene Jarvis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Williams ṣe Defender, ayé inú géèmù wá tóbi ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ. O lè fò lọ sọ́tùn-ún, o lè ṣẹ́rí padà sósì, àwòrán tóóró kan sì wà lókè tó ń fi gbogbo ayé náà hàn ọ́. Ó pọn dandan kí ó wà, torí pé níbi tí ojú rẹ kò tó, àwọn ọ̀tá ń gbé ènìyàn lọ sókè. Bí wọ́n bá gbé ẹnìkan dé òkè pátápátá, ọ̀tá náà á yí padà di abàmì tó ń lé ọ kiri. Bọ́tìnnì márùn-ún àti ọ̀pá ìdarí kan ni wọ́n fi ń gbá a. Lójú mi, kò sí èyí tó gbọ́n tó o nínú gbogbo wọn, àmọ́ n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí nígbà tí mo bá ń gbá a.

Ọdún yẹn kan náà ni Konami, ilé iṣẹ́ géèmù mìíràn ní Japan, gbé Scramble jáde, òun ló sì jẹ́ kí ìrìn tí a mọ̀ jù fìdí múlẹ̀: ojú ọ̀nà ń lọ fúnra rẹ̀, o kò lè dúró, o kò lè padà. Epo ń tán nínú ọkọ̀ rẹ. Láti rí òmíràn, wàá ju bọ́ǹbù lu àgbá epo tó wà nílẹ̀, epo á sì wọ táńkì rẹ. Ẹ má bi mí bí ìyẹn ṣe bójú mu. Ẹni tó bá ti tò fún epo rí ní ìlú yìí á gbà pé ọ̀nà náà yá ju tiwa lọ.

Ìrìn tí kò dúró yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù míràn, ìwọ lo ń pinnu ìgbà tí wàhálà máa dé. Níbí, ẹni tó ṣe géèmù ti mọ ibi tí wàá wà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó sì ti to ọ̀tá dè ọ́ níbẹ̀. Àkókò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àyè ló kù: òkè, ìsàlẹ̀, iwájú díẹ̀, ẹ̀yìn díẹ̀.

Ní 1985, Konami tún ṣe Gradius. Vic Viper ni orúkọ ọkọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀tá kan wà tó jẹ́ pé bí o bá pa wọ́n, wọ́n á fi kápúsù sílẹ̀. Kápúsù náà kì í fún ọ ní ohun ìjà kankan fúnra rẹ̀. Iná kan ló ń tì síwájú lórí ìlà tó wà nísàlẹ̀: eré sísá, bọ́ǹbù, ìbọn ọlọ́nà méjì, lésà, alábàárìn tó ń bá ọ yìnbọn, ààbò. Ṣé kí o ná an báyìí fún eré, àbí kí o forí tì í títí yóò fi dé lésà? Láàárín kí ọta ìbọn máa fò lágbárí rẹ ni o ti ń ṣe ìṣirò yìí. Bí ọ̀tá bá wá kàn ọ́ láìsí ààbò, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Wọ́n á dá ọ padà sẹ́yìn lófo, síwájú àwọn ọ̀tá tí wọ́n tò kalẹ̀ fún ẹni tó ti gbára dì. Ibẹ̀ ni mo ti rò pé Gradius ṣàṣejù.

Èmi nìkan kọ́ ló rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ sórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé, ní 1986, Kazuhisa Hashimoto tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ rí i pé ó le jù fún òun láti gbá dé òpin kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi àṣírí kan sínú rẹ̀: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. (Àwọn tó wà lẹ́yìn bá mi kà á parí.) Bí o bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á gbára dì lójú ẹsẹ̀. Àṣírí náà bá géèmù dé ọjà, ó sì ti wọnú ọ̀pọ̀ géèmù mìíràn láti ìgbà náà.

R-Type ti Irem dé ní 1987. Ọkọ̀ ibẹ̀ ní ohun roboto kan tí wọ́n ń pè ní Force: o lè so ó mọ́ iwájú, o lè so ó mọ́ ẹ̀yìn, o lè jù ú síwájú kí ó lọ jà fún ọ, ọta ọ̀tá kò sì lè bà á jẹ́. Ní ìpele kẹta, ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo ni gbogbo ìpele náà. Ò ń fò yí i ká, ò ń tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Darius ti Taito náà wà, tó lo ojú tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwọn ọ̀gá ọ̀tá inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹja irin. Ó yẹ ní rírí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Famicom jáde ní Japan ní 1983. Òun ni wọ́n pè ní NES nígbà tó dé Amẹ́ríkà, àdàkọ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà káàkiri ayé. Kílóbáìtì 2 péré ni ààyè ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, 2 mìíràn, ìyẹn báìtì 2,048, wà fún àwòrán ẹ̀yìn. Fọ́tò kan lórí fóònù yín lè ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 1,000. Ìran tó ń yà sórí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ pixel (àmì àwọ̀ kékeré tí àwòrán fi ń kún) 256 ní ìbú, 240 ní gíga. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 61,440 ni. Báwo ni ohun tó ní báìtì 2,048 ṣe máa rántí àwọ̀ pixel tó pọ̀ tó yẹn?

Ọmọ Ifẹ̀ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìtàn sọ pé Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú yìí. Àpáàdì kéékèèké ni, wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ilẹ̀ fi kún, a ṣì ń rí wọn láwọn ibì kan di òní. Àpáàdì náà ni Famicom ń tẹ́. Pixel 8 sí 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, oríṣi 256 ló ní lọ́wọ́. Ó ń to 32 ní ìbú, 30 ní gíga, 960 á kún ojú ìran. Ẹ̀rọ kì í rántí pixel. Nọ́ńbà àpáàdì ló ń rántí, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi báìtì 64 kún un fún ètò àwọ̀, ó di 1,024. Ìyẹn ni pé ìran méjì gẹ́lẹ́ ló wọ inú 2,048 ọ̀hún.

Ìran méjì yìí ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀run rìn. Wọ́n tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ̀n ìran kan ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn, ó sì ń yọ́ láti ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ti èkejì, pixel kan tẹ̀ lé òmíràn. Àpáàdì tó bá ti jáde lápá òsì, tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́ èyí tó máa wọlé lápá ọ̀tún. Bí ó bá dé òpin èkejì, á tún bẹ̀rẹ̀ ní àkọ́kọ́. O rò pé o ti rìn jìnnà láàárín ìràwọ̀. Ìran méjì náà lò ń yí po.

Àwọn ohun tó ń fò, ìyẹn ọkọ̀, ọ̀tá àti ọta ìbọn, ètò tiwọn yàtọ̀. Sprite ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ lè gbé 64 lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ lórí ìlà kan. Ìkẹsàn-án kò ní hàn. Ẹ wá ronú nípa ọkọ̀ tó jẹ́ pixel 32 ní ìbú. Ó ti gba 4 nínú 8. Ọta ìbọn méjì, ọ̀tá kan tó gba 2, ìlà ti kún. Géèmù tí ohun gbogbo ń fò gbọọrọ láti ọ̀tún sósì ni ìyà yìí ń jẹ jù, torí pé orí ìlà kan náà ni wọ́n sábà máa ń pàdé. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń kọ ọ́ dá ni pé wọ́n ń pààrọ̀ ẹni tó máa fara pamọ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ya ìran, ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sẹ́ni tó sọnù pátápátá, gbogbo wọn kàn ń ṣẹ́jú pàkòpàkò ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìyẹn.

Ohun kan tún wà tí Famicom kò ní, ìyẹn ìpele àwòrán ẹ̀yìn kejì tó lè máa rìn ní ìyára tirẹ̀: ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ojú fèrèsé mọ́tò nígbà tí ẹ bá ń lọ sí Iléṣà: igi ẹ̀gbẹ́ títì ń sá, òkè tó jìnnà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Moon Patrol ti Irem ti ń ya irú rẹ̀ ní 1982, lórí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń fi owó ẹyọ gbá. Lórí Famicom, àrékérekè ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n lè yí ìwọ̀n ìyọ́ padà nígbà tí ẹ̀rọ bá ya ìran dé àárín, kí apá òkè máa falẹ̀, kí apá ìsàlẹ̀ máa yára.

Ní báyìí tí fóònù yín lè gbé gbogbo èyí láìmí gúlegúle, kí lẹ máa ṣe? Tí ẹ bá fẹ́ géèmù tó jọ ti àtijọ́, ẹ fi òfin de ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun èlò tí a fi ń ṣe géèmù wà: PICO-8 ń fún yín ní pixel 128 sí 128 àti àwọ̀ 16, ó tán. TIC-80 fẹ̀ díẹ̀, 240 sí 136, àwọ̀ 16 náà ni, ẹ sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Godot náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lágbára jù wọ́n lọ, àmọ́ kò ní sọ fún yín pé ó tó. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nílò ohun tó máa sọ fún un pé ó tó. Ẹ tún jẹ́ kí ibi tí ọta lè bà lára ọkọ̀ kéré ju àwòrán rẹ̀ lọ. Bí ọta bá kan etí ìyẹ́ lásán tí ọkọ̀ sì jóná, inú á bí ẹni tó ń gbá a. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, á rò pé òun mọ̀ ọ́n gbá.

Àbúrò mi obìnrin kan dìde níbi ìbéèrè. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé a kò lè fi ti Ifẹ̀ ṣe é? Kí ọkọ̀ náà jẹ́ orí idẹ, kí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà lẹ́yìn?”

Mo ní ó ṣeé ṣe, ó sì máa wu ojú, àmọ́ orí idẹ tó ń yìnbọn kò tíì sọ ohunkóhun nípa Ifẹ̀. Ẹ mú ìtàn tí gbogbo wa gbọ́: omi ló wà nísàlẹ̀, Odùduwà sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run lórí ẹ̀wọ̀n, ó da iyẹ̀pẹ̀, àkùkọ tàn án ká, ilẹ̀ fẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn di òfin géèmù. Ojú ọ̀nà ń lọ sọ́tùn-ún, omi lásán ló wà nísàlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ inú àpò rẹ ni ọta ìbọn rẹ, òun náà ni ilẹ̀. Èyí tí o bá yìn lu ọ̀tá, o ti pàdánù ilẹ̀ tí ìwọ ì bá fi tẹ́. Ibi tí ilẹ̀ bá sì wà nìkan ni àkùkọ ti lè bà kí ó wa iyẹ̀pẹ̀ tuntun fún ọ.

“Bí iyẹ̀pẹ̀ bá wá tán ńkọ́?” Ọmọkùnrin kan ló béèrè láti ẹ̀yìn.

“Omi ni, àbúrò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n má tíì ya orí idẹ kankan, kí wọ́n má tíì ya àkùkọ. Kí onígun mẹ́rin funfun jẹ́ ọkọ̀, kí pupa jẹ́ ọ̀tá, kí ilẹ̀ jẹ́ ìlà ràndánràndán. Kí wọ́n gbé e fún ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa rí, kí wọ́n sì wo ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń gbá a. Bí kò bá dùn, kí wọ́n dín iyẹ̀pẹ̀ inú àpò kù, kí wọ́n tún gbé e fún un.