Ibi Tó Yẹ Kí Títì Gbà Láàárín Àwọn Ìlú Kéékèèké

Ẹ kú ìjókòó o. Bí wọ́n bá ní kí a la títì tí yóò so ìlú kéékèèké mẹ́rin pọ̀, ìlà tó lọ tààrà lórí máàpù ló kọ́kọ́ máa ń wọni lójú. Ìlà yẹn gan-an ló sábà máa ń jẹ owó jù nígbẹ̀yìn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ibi tó ń gbà kọjá, àti ibi tó ń dá rogún sí.

Títì tó bá tọ orí ilẹ̀ gíga láàárín odò méjì lè gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n omi á máa ṣàn kúrò lára rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kọ́lífáàtì rẹ̀ (ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì) kò ní pọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì gbẹ. Àfonífojì tẹ́jú lóòótọ́, àmọ́ gbogbo omi tó ń ti òkè bọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́ títì kọjá. Ìbàdí òkè ló burú jù. A ó gé apá kan, a ó kún apá kejì. Bí òjò bá dé, ibi tí a gé á máa ya wálẹ̀ dí ọ̀nà.

Kí títì má ṣe gòkè ju mítà 7 lọ nínú 100 mítà. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù á máa rọra fà, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa kánjú yà á. Bó bá jẹ́ yangí la fi ṣe é, omi á fọ ojú rẹ̀ lọ.

Ní ti odò, ẹ wá ibi afárá ná, kí ẹ tó mú títì wá bá a. Ibi tí odò ti tọ́, tí bèbè rẹ̀ le, ló dára. Níbi tó bá ti yí, ó máa ń jẹ bèbè ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí títì dábùú odò, torí afárá tó bá gba ẹ̀gbẹ́ lọ gùn jù. Páìpù kọ́lífáàtì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 600 mìlímítà lọ tètè máa ń dí. 900 ni kí ẹ fi sí i, kí èèyàn lè ráyè wọlé kó yanrìn. Ẹ to òkúta sí ẹnu ibi tí omi ti ń jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gbẹ́ kòtò wọ abẹ́ títì.

Ṣé kí títì gba àárín ìlú ni? Rárá o, lójú tèmi. Ilé wíwó, ọjà etí títì, ọmọdé tó ń sọdá: gbogbo rẹ̀ ló ń dá ìrìn dúró. Ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀bá ìlú, kí ẹ sì ya ẹ̀ka kúkúrú wọlé. Ẹ fi èèkàn sààmì ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ilé àti ìsọ̀ á kún ibẹ̀ láìpẹ́. Ìkòríta kò gbọ́dọ̀ sí ní góńgó òkè tàbí nínú kọ́nà.

Kí ẹ tó fi ìlà náà múlẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín nígbà tí òjò bá pọ̀ jù. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ibi tí omi ga dé lára igi rí. Ojú títì gbọ́dọ̀ ga ju ibẹ̀ lọ, ó kéré tán pẹ̀lú ìdajì mítà.