Ó Ra Ojú, Kò Ra Ọrùn

ṢADÉ: Bọ̀dá Gbénga, ẹ dúró ná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọta la ní a máa sọ lónìí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohùn tí ará wa yẹn fi ránṣẹ́ láti Georgia lórí WhatsApp, láti ọjọ́ Ẹtì ni kò ti kúrò lọ́kàn mi.

GBÉNGA: Èyí tó ní ọta òun ń wọlẹ̀?

ṢADÉ: Òun náà! Ìbọn .308, ọta Sierra MatchKing 175 grain. Ní yáàdì 100, ihò mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn. Ó wá dé yáàdì 1,000. Ó yí turret, bọ́tìnnì tó wà lórí síkóòpù, awò orí ìbọn ẹ̀, sókè, ó yí i, ó yí i, ó dé MOA 27, turret gan, kò lọ mọ́. MOA ni ìwọ̀n igun kékeré tí turret fi ń kà. Gbogbo ọta ń bọ́ sínú erùpẹ̀ níwájú táágẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ta síkóòpù fún un wá ní ọta ni kò dáa. Ó sì ń bi wá báyìí pé ṣé kí òun ta 24× yìí kí òun lọ ra 32×.

GBÉNGA: Erùpẹ̀ yẹn náà ló tún máa rí.

ṢADÉ: Á rí i kedere! (ẹ̀rín) Ẹ wò ó, ó dùn mí ni. Black Friday ló rà á, owó overtime ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ra ojú, kò ra ọrùn. Ojú ni ìlọ́po, 24×, 32×. Ọrùn ni ìrìn turret, ìyẹn ibi tí síkóòpù lè yí dé lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tí ojú ẹ̀ mọ́ kedere tí ọrùn ẹ̀ sì gan, kò lè wo orí ọ̀pẹ.

GBÉNGA: Ṣe ìṣirò ẹ̀ fún wọn.

ṢADÉ: Ó fi àwòrán páálí ẹ̀ ránṣẹ́. 6-24×50 ni, ìyẹn ìlọ́po 6 sí 24, ojú iwájú 50 mm, ọ̀pá 30 mm, gbogbo ìrìn ẹ̀ láti òkè délẹ̀ jẹ́ MOA 60. Ó dè é sórí réèlì pẹrẹsẹ, irin gbọọrọ tí wọ́n ń de síkóòpù mọ́ lórí ìbọn. Tẹ́ ẹ bá dè é bẹ́ẹ̀, ìdajì á wà lókè, ìdajì nísàlẹ̀: 30, 30. Síírò ní yáàdì 100, ìyẹn kí ọta bọ́ síbi tí àárín síkóòpù ń wò gẹ́lẹ́, jẹ MOA 3 nínú tòkè, ó ku 27. Ọta 175 grain tó ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fẹ́ bíi MOA 39 kó tó dé yáàdì 1,000. Ẹ yọ 27 kúrò, ó ku 12. MOA kan ní yáàdì 1,000 jẹ́ ínṣì 10.47.

GBÉNGA: Ínṣì 125.

ṢADÉ: Ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 10! Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ọta fi ń wọlẹ̀ sábẹ́ ibi tó fojú sùn, wọ́n wá ní kó pààrọ̀ ọta. Bẹ́ẹ̀ réèlì 20 MOA ló máa tún un ṣe, kò sì tó dọ́là 100. Réèlì yẹn, wọ́n gé e kí ẹ̀yìn ẹ̀ ga ju iwájú lọ díẹ̀, kí síkóòpù dorí kodò sí ọ̀pá ìbọn. 27 tó kù lókè á di 47. Nísàlẹ̀, 33 á di 13, síírò ní yáàdì 100 ṣì wà níbẹ̀. Kó má sì sáré lọ ra 40 MOA o, nítorí 33 péré ló ní nísàlẹ̀. Tó bá fi 40 sí i, kò ní lè ṣe síírò ní 100 mọ́.

GBÉNGA: Ṣùgbọ́n Ṣadé, ó lè yìn ín dé ibẹ̀ láì ná kọ́bọ̀. Ṣebí àmì wà lára reticle ẹ̀, ilà agbélébùú inú síkóòpù. Kó yí 27 tán, kó wá fi àmì 12 tó wà nísàlẹ̀ sórí táágẹ́ẹ̀tì. 27 àti 12, 39 nìyẹn.

ṢADÉ: Ní ìlọ́po mélòó?

GBÉNGA: Ní 24×.

ṢADÉ: Ní Georgia? Nínú ooru ọ̀sán? Ilẹ̀ á máa jó lójú ẹ̀ bí omi tó ń hó. Ní Texas níbí, ní oṣù keje, bó bá ti di aago mọ́kànlá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ síkóòpù kalẹ̀ sí 12 tàbí 15. Second focal plane sì ni síkóòpù ẹ̀. Àmì inú ẹ̀ kì í tóbi, kì í kéré, táágẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń tóbi lẹ́yìn ẹ̀. Nítorí náà ìlọ́po kan ṣoṣo ni òǹkà rẹ̀ ti péye, lọ́pọ̀ ìgbà èyí tó ga jù. Ní 24×, àmì 12 jẹ́ 12. Tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 12×, àmì 12 yẹn ti di 24, ọta á sì gba orí táágẹ́ẹ̀tì kọjá lọ. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn pé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó ra first focal plane. Tí àmì àti táágẹ́ẹ̀tì bá jọ ń tóbi, 12 á máa jẹ́ 12 níbi gbogbo.

GBÉNGA: Mi ò gbà.

ṢADÉ: Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.

GBÉNGA: Jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ta F-Class, ìdíje ìbọn ọ̀nà jíjìn, mọ ibi tí táágẹ́ẹ̀tì wà. Yáàdì 600, 900, 1,000. Kò sí ẹni tó ń sún un síwá sẹ́yìn. Ó ní àkókò láti yí turret. Òrùka X àárín ní yáàdì 1,000 jẹ́ ínṣì 5 péré. Tó bá ra first focal plane olówó pọ́ọ́kú, tó gbé e dé 25×, ilà inú ẹ̀ á nípọn débi tí á fi máa dí àárín. Second focal plane ní ilà tó tín-ín-rín, pẹ̀lú turret tí kílíìkì ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/8 MOA. Ní Bisley...

ṢADÉ: Ìyẹn ìkíní! Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá dárúkọ Bisley, pọ́ùn kan ni. Ẹ san án, ẹ jọ̀ọ́.

GBÉNGA: (ẹ̀rín) Mo ti fi síbẹ̀. Ní pápá yẹn, ní Surrey, lórí Stickledown, ibi tó jìnnà dé yáàdì 1,200, wàá rí i pé second focal plane ló kún ọwọ́ àwọn tó ń ta F-Class.

ṢADÉ: Àwọn yẹn ń ta ibi kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tí ará wa fẹ́ ni kó máa yìnbọn sí táágẹ́ẹ̀tì irin ní yáàdì 400, kó bọ́ sí 730, kó bọ́ sí 1,000, aago sì ń ká a mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun kan náà.

GBÉNGA: Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ohùn yẹn?

ṢADÉ: ...Kò sọ ọ́.

GBÉNGA: Ó dáa. (ẹ̀rín) Ìwọ lo yan eré ìdíje fún un.

ṢADÉ: Ẹ jẹ́ a gbà pé kó kọ́kọ́ mọ irú táágẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ ta. Mo fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi àti yín ò lè jà lé lórí. Kí àmì inú síkóòpù àti kílíìkì turret sọ èdè kan náà. Tí àmì bá jẹ́ mil, ìwọ̀n igun mìíràn tí ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ MOA 3.44, kí turret jẹ́ mil. Ẹnìkan ra àmì mil pẹ̀lú turret MOA nítorí wọ́n gé owó ẹ̀ kúrò. Ó rí i pé ọta fi mil 1.5 wọlẹ̀, ó wá ń fi 3.44 sọ ọ́ di púpọ̀ lórí pápá kó tó lè yí nǹkan kan. Ẹ̀fúùfù ò ní dúró dè é.

GBÉNGA: Ìyẹn, mo fọwọ́ sí i. Èló ni kó ná wàyí?

ṢADÉ: Ká ní dọ́là 800 ló wà lọ́wọ́. Kó má ná gbogbo ẹ̀ sórí síkóòpù. Bíi 500 fún síkóòpù, 120 fún ríìngì tàbí mọ́ńtì tó ń di síkóòpù mú sórí réèlì, 60 fún réèlì, 60 fún torque wrench tó ń fi ínṣì-pọ́ùn ka bí súkúrù ṣe le tó, 30 fún lẹ́bù kékeré tó ń dè mọ́ ọ̀pá, tó ń fi hàn bí ìbọn bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní àyíká 500 yẹn, Vortex Venom 5-25×56 wà, Arken EP5 5-25×56 wà. Méjèèjì jẹ́ ọ̀pá 34 mm, méjèèjì first focal plane, méjèèjì ní ọrùn dáadáa. Arken wúwo o, súnmọ́ pọ́ùn méjì ààbọ̀. Lórí ìbọn tó ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

GBÉNGA: Tí ò bá ní ju 300 ńkọ́?

ṢADÉ: SWFA 10×42. Ìlọ́po kan ṣoṣo, ìlọ́po ẹ̀ ò ní yíyí kankan.

GBÉNGA: Ìlọ́po 10 fún yáàdì 1,000? Ṣadé!

ṢADÉ: Ẹ pín 1,000 sí 10. Bí ẹni ń fojú lásán wo nǹkan ní yáàdì 100 ni. Síkóòpù Unertl 10× ló wà lórí ìbọn M40A1 àwọn Marine. Nígbà tí àwọn ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ìbọn M24 ní 1988, Leupold 10× ni wọ́n gbé lé e. Bí ohun tó ń yí nínú síkóòpù bá ṣe kéré tó ni ohun tó lè bàjẹ́ ṣe kéré tó, owó á sì lọ síbi turret. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà wà ńbẹ̀: ẹ pín ojú iwájú sí ìlọ́po. 42 sí 10 jẹ́ 4.2 mm tó ń wọ ojú yín. 50 sí 24 jẹ́ 2.1 péré. Nínú kùrukùru yín ní Kent lọ́hùn-ún, èwo lẹ fẹ́?

GBÉNGA: Kùrukùru wa kì í ṣe ọ̀tá ẹ. Ilẹ̀ tútù kì í jó lójú ẹni. A máa ń lo 25× láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tìlẹ̀kùn Bisley.

ṢADÉ: Ìkejì!

GBÉNGA: Háà.

ṢADÉ: (ẹ̀rín) Pọ́ùn méjì. Ẹ jẹ́ n dáhùn ẹlòmíì kí n tó gbàgbé. Ẹnìkan ní òun fẹ́ fi síkóòpù sínú àpótí tó ń lọ sí Èkó, ó fẹ́ fún bàbá òun tó jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Ògùn. Ẹ má ṣe é. Ìjọba Amẹ́ríkà ń béèrè ìwé àṣẹ kí síkóòpù ìbọn tó kúrò nílùú, kì í ṣe ohun à ń kì sáàárín aṣọ àti ọṣẹ. Ṣakabùlà sì ni ìbọn bàbá. Inú ọ̀pá ẹ̀ ń dán ni, kò sí ihò yíyípo tó ń mú ọta pòòyì. Síkóòpù kankan ò lè mú ọta ṣakabùlà dúró lójú kan.

GBÉNGA: Kí wọ́n fowó yẹn ra tọ́ọ̀ṣì orí fún bàbá.

ṢADÉ: Ìyẹn á wúlò fún wọn gan-an. Ẹni tó sì wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ níbí, kó ka òfin ìjọba àpapọ̀ kó tó fọwọ́ kan ìbọn. Láìní líséǹsì ọdẹ tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá, tàbí ọ̀kan nínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀, ọ̀ràn ni. Ó tó. Ẹ jẹ́ a padà sí Georgia. Tó bá ra réèlì tán, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni turret ẹ̀ ń sọ?

GBÉNGA: Kó dán an wò kó tó fi ọta ṣòfò.

ṢADÉ: Láì yin ẹyọ ọta kan. Kó fi téèpù wọn yáàdì 100, kó má fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, torí tó bá fi yáàdì 3 ṣì í, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo òǹkà á fi ṣì. Kó gbé pákó gíga kan dúró, kó so okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ògiri mọ́ ọn, kó fa ilà tọ okùn yẹn, kó sì sàmì sí i ní ínṣì ínṣì. Kó wá de ìbọn mọ́ tábìlì kó má mì rárá. Kó fi àárín agbélébùú sí ìsàlẹ̀ ilà, kó yí MOA 25, kó ka ibi tí àárín dé.

GBÉNGA: Ínṣì 26.2.

ṢADÉ: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ínṣì 25 gẹ́lẹ́, a jẹ́ pé ínṣì ni turret yẹn ń kà, kì í ṣe MOA. Orí MOA 39 nìyẹn á ti di nǹkan bí ínṣì 18 ní yáàdì 1,000. Kì í ṣe ìdí láti jù ú nù o. Tó bá ń ṣì í bákan náà ní gbogbo ìgbà, kó fi ìyẹn sínú áàpù ìṣirò ẹ̀, ó parí. Èyí tó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni èyí tó sọ 26 lónìí, 25 lọ́la, tí kì í padà sí síírò. Kó dá ìyẹn padà lọ́jọ́ náà gan-an.

GBÉNGA: Tí àárín ò bá tọ ilà lọ tààrà ńkọ́?

ṢADÉ: A jẹ́ pé síkóòpù fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ríìngì. Digíríì 3 péré lórí MOA 39, ínṣì 21 ni ọta fi máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèyàn á máa bá ẹ̀fúùfù jà, ẹ̀fúùfù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

GBÉNGA: Ríìngì yẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí sí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ohùn yẹn, ó ní òun “dì í pa.”

ṢADÉ: Èmi náà gbọ́ ọ! Àyà mi já. Ọ̀pá síkóòpù, alumínìọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ínṣì-pọ́ùn 15 sí 18 ló tó fún súkúrù orí ríìngì, kó sì tẹ̀ lé ìwé tó bá a wá. Tó bá fi agbára apá dì í, ọ̀pá á tẹ̀ wọnú, ohun tó ń yí nínú ẹ̀ á máa há, turret á sì gan kó tó dé ibi tó yẹ. Kó dì í bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì táyà, ọ̀tún òkè, òsì ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí àyè tó wà láàárín irin méjèèjì dọ́gba. Kó má fi gúlúù sí ti orí ríìngì, torí ó máa ń mú súkúrù yọ̀, á dì ju ohun tí wrench ń sọ lọ.

GBÉNGA: Dúró. O ní turret á gan kó tó dé ibi tó yẹ?

ṢADÉ: Ẹ̀n-ẹ́n.

GBÉNGA: Ta ló wá sọ pé ìrìn ló tán? Ó lè jẹ́ ríìngì ló há a mọ́lẹ̀ ní 27.

ṢADÉ: ...Bọ̀dá Gbénga.

GBÉNGA: (ẹ̀rín) Mo kàn ń béèrè ni.

ṢADÉ: Ẹ ò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀! Ó dáa, kó tú súkúrù orí ríìngì, kó fi wrench dì í sí 15, kó tún yí turret lókè pátápátá. Tó bá dúró ní 27 síbẹ̀, kó ra réèlì. Tó bá kọjá 27, kó yọ síkóòpù, kó wo ọ̀pá bóyá ríìngì ti fi ojú àpá sí i, kó ya àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Kódà tí ìrìn bá pé 30, kò tíì tó 39, réèlì ṣì ń bọ̀ wá.

GBÉNGA: Nípa tèmi, torque wrench ni kó kọ́kọ́ rà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ẹni ní Bisley nìyẹn...

ṢADÉ: Ìkẹta! Pọ́ùn mẹ́ta, ẹ tiẹ̀ kúkú ra wrench yẹn fún un!