Ìlù Ni Kí Ẹ Tẹ̀lé: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àwọn Ẹgbẹ́ Olórin Alternative ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin àlejò wa, mo kí yín. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ olórin alternative àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn olórin rock tí kò tẹ̀lé ohun tí ọjà ń fẹ́, àti ipa tí wọ́n ní lórí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mo ń lọ, nítorí náà n kò ní fi bò fún yín: gìtá ni àwọn òpìtàn orin yìí máa ń tẹ̀lé, ìlù ni ó sì yẹ kí wọ́n tẹ̀lé.

Ìtàn tí wọ́n máa ń pa kò ṣàjèjì sí yín. Ní New York, láàárín 1964 sí 1965, Lou Reed tí ń kọ orin pàdé John Cale, ọmọ Wales tí ó mọ viola ta, irú gòjé àwọn òyìnbó kan, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Velvet Underground sílẹ̀ pẹ̀lú Sterling Morrison. Andy Warhol, ayàwòrán, gbà wọ́n sábẹ́ apá rẹ̀, ó sì ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ sára páálí àwo wọn àkọ́kọ́ tí ó jáde ní oṣù Kẹta, ọdún 1967. Ọjà àwo náà kò yá. Ipò 171 ni ó ga dé nígbà náà lórí àtẹ Billboard, ìwé ìròyìn tí ń to àwo sípò bí ọjà wọn ṣe yá tó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fi gbólóhùn olókìkí yẹn dé e, pé àwọn tí ó ra àwo náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn dùn ún gbọ́, àwọn akọ̀wé kan sì ti ń tibẹ̀ jẹun láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni ohun tí àwọn olùrà wọ̀nyẹn gbọ́ nínú àwo náà tí ó fi dá wọn lójú pé àwọn náà lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí ìlù. Onílù wọn àkọ́kọ́ ni Angus MacLise. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1965, ẹgbẹ́ náà rí òde kan tí wọ́n máa san owó fún wọn, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Summit, ní New Jersey. Dọ́là 75 ni owó náà. Bí MacLise ti gbọ́ pé owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin onílù tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, tí ẹ máa ń ki onínàáwó títí owó á fi bo awọ ìlù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Maureen Tucker, ọmọbìnrin tí ó dàgbà sí Levittown ní Long Island, tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ ihò sí káàdì tí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn máa ń kà.

Tucker kì í jókòó lùlù. Ìlù ńlá tí àwọn onílù yòókù máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó dojú rẹ̀ kọ òkè, tí ó dúró tì, tí ó sì ń fi ọ̀pá tí wọ́n wé nǹkan rírọ̀ mọ́ lórí lù. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan àwọn idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń so kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlù, nítorí pé ariwo wọn a máa bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ orin tí wọ́n pè ní “Heroin”: ìlù náà ń rọra rìn, ó ń sáré, ó tún ń rọra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọnà kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ìlù dákẹ́ lójijì. Ariwo gìtá àti viola ti pọ̀ débi pé Tucker kò gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́; ó gbé ọwọ́ ró, ó rò pé àwọn náà á dúró, wọn kò sì dúró. Bí wọ́n ṣe gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe tà á.

Níbo ni ó ti kọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Ó dárúkọ Bo Diddley, olórin rock dúdú ará Amẹ́ríkà, tí ìlù rẹ̀ kò jìnnà sí clave, ìlù tí àwọn ará Kúbà máa ń tún lù léraléra lábẹ́ orin wọn, ó sì dárúkọ Bàbátúndé Ọlátúnjí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Ajídò, lọ́nà Badagry níhìn-ín, tí wọ́n bí ní 1927, tí ó wọkọ̀ lọ sí Morehouse College ní Atlanta ní 1950 láti lọ kàwé. Àwo rẹ̀, Drums of Passion, tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní 1960, wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọn kò gbọ́ ìlù wa rí. John Coltrane, olórin jazz, fi orúkọ rẹ̀ sọ orin. Ẹgbẹ́ rock Santana tún ọ̀kan nínú orin àwo náà kọ ní 1969. Àwọn méjì wọ̀nyẹn ni gbogbo ìwé máa ń rántí. Ọmọbìnrin tí ń tẹ ihò sí káàdì ní Long Island kì í sí nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sí lára àwọn tí ń pariwo pé àwa ni a dá ohun gbogbo tí ń dún láyé sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ohùn gígùn tí Cale máa ń fà lórí viola, ọ̀dọ̀ La Monte Young, akọrin-sílẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ni ó ti kọ́ ọ, kò sì kàn wá. Ohun tí mo ń sọ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ṣeé fi etí gbọ́. Nínú agbo ìlù, ìyáàlù ni ń sọ̀rọ̀, omele ni ń di ìlù mú lójú kan náà kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Nínú orin rock ìgbà yẹn, gbogbo onílù ni ó fẹ́ ṣe ìyáàlù. Tucker gba iṣẹ́ omele, kò sì wá nǹkan mìíràn kún un. Ọ̀dọ́ tí kò kọ́ orin rí, tí ó bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọwọ́ òun lè ká ni.

Ọgbọ́n omele yìí náà ni ẹgbẹ́ Talking Heads, tí àwọn kan nínú wọn pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Rhode Island, lò ní 1980 nígbà tí wọ́n ṣe Remain in Light. Àwo Fẹlá ni Brian Eno, tí ó bá wọn ṣe àwo náà, fi han David Byrne, akọrin wọn, pàápàá Afrodisiac. Wọn kò jí orin Fẹlá. Ètò ìlù rẹ̀ ni wọ́n kọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun kékeré kan, ó ń tún un ṣe láìyà, orin sì ti ibi tí gbogbo rẹ̀ ti pàdé jáde. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn orin tí wọn kò parí ní “Fela's Riff”, orúkọ ẹni tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sí i yẹn.

Alága ti ń wo aago, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré. R.E.M. bẹ̀rẹ̀ ní Athens, Georgia, ní 1980, rédíò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó sì gbé wọn ga. Hüsker Dü ṣe tiwọn ní Minnesota. Pixies, ní Boston, ni wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ àti igbe kọjú síra nínú orin kan ṣoṣo. Kurt Cobain, olórí ẹgbẹ́ Nirvana, jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni òun ti mú un. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1992, àwo Nirvana lé ti Michael Jackson kúrò ní ipò kìíní, ohun tí wọ́n ń pè ní alternative sì di ọjà gbogbogbòò.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyẹn, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣe dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ní: “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ní ìlù Ọlátúnjí àti ti Fẹlá ni wọ́n gbọ́. Kí ló wá dé tí gbogbo olórí ẹgbẹ́ tí ẹ dárúkọ fi jẹ́ òyìnbó?”

Ìbéèrè yìí ni ó gba ìyókù àkókò wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èsì mi ni pé àwọn dúdú wà níbẹ̀, rédíò ni kò sí fún wọn. Títí di 1949, Billboard ṣì ń fi àtẹ ọ̀tọ̀ ka orin àwọn dúdú lórúkọ ẹ̀yà wọn. Wọ́n yí orúkọ àtẹ náà padà, àmọ́ ògiri tí ó wà láàárín kò wó. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń gbé rock sáfẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé olórin dúdú, èyí náà sì ni ẹ̀sùn tí David Bowie, olórin ará England, fi kan MTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ń gbé fídíò orin, lójú ayé ní 1983. Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ń yangàn pé ohun tí àwọn yòókù kọ̀ ni òun ń gbé, kò sàn tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Bad Brains, dúdú mẹ́rin láti Washington, yára ju gbogbo ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ lónìí lọ. Ẹ wo iye ìwé tí ó fi wọ́n sí orí kìíní. Ní 1985, Vernon Reid, onígìtá dúdú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Black Rock Coalition sílẹ̀ ní New York, kí àwọn olórin dúdú tí ń ta gìtá lè rí ibi ṣeré. Ẹgbẹ̀rún ọdún titun ti wọlé kí Túndé Adébímpé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó di ohùn ẹgbẹ́ TV on the Radio ní Brooklyn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà tún béèrè bóyá ẹnì kan wà tí ìdènà yìí pa iṣẹ́ rẹ̀ run pátápátá. Mo sọ ti ẹgbẹ́ Death, èyí tí ó túmọ̀ sí Ikú, fún un: ọmọ ìyá mẹ́ta, àwọn Hackney, ní Detroit. Wọ́n gba orin wọn sílẹ̀ ní 1975, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Bad Brains. Àwọn tí ó fẹ́ gbé àwo náà jáde ní kí wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà. David, ẹ̀gbọ́n tí ó ń darí wọn, kọ̀ jálẹ̀. Ọdún 2009 ni àwo náà tó dé ọjà. David ti kú ní 2000.