Kí wọ́n tó gbé dígí fún un

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, ìgbà yòówù kẹ́ ẹ máa gbọ́ mi. Òru ni mo ń gba tèmi sílẹ̀ níbí, ọmọ ti sùn, mo ti pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ti wí fún yín lọ́jọ́sí pé mò ń lọ sí Íńdíà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ń bi mí pé ṣé Taj Mahal ni mò ń lọ wò. Rárá o. Kerala ni mo lọ, ìsàlẹ̀ gúúsù lọ́hùn-ún, ìlú Kannur, torí ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọsibítù ní London níbí, ẹ mọ àwọn nọ́ọ̀sì Kerala, àwa pẹ̀lú wọn la jọ máa ń ṣe iṣẹ́ òru. Chechi ló máa ń pè mí, ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn lédè Malayalam. Òun ló fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù ẹ̀ láago mẹ́ta òru, bí mo ṣe rí i báyìí, mo ní háà, egúngún rèé!

Ó ní Theyyam ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀. Ọdún òrìṣà ni, àríwá Kerala ni wọ́n ti ń ṣe é, Kannur àti Kasaragod, láti bí oṣù October títí wọ May, kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojúbọ kéékèèké wà nínú igbó àti lágbàlá ìdílé, kavu ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni òrìṣà ti máa ń gun èèyàn. Wọ́n ní oríṣi Theyyam tó wà lé ní 400. Àjogúnbá ni, ìdílé àwọn Malayan, àwọn Vannan àtàwọn mìíì ló ń ṣe é, àwọn tó jẹ́ pé láyé àtijọ́ àwọn tó ka ara wọn sí ẹni ńlá ò ní jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ wọn rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òrìṣà bá gùn ún, ẹni ńlá yẹn náà ló máa wá tẹríba níwájú ẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Pottan, ìtàn ẹ̀ ni pé Shankaracharya, ọ̀mọ̀ràn ẹ̀sìn, ní kó yà lọ́nà fóun, Pottan wá bi í pé tí wọ́n bá gé ọ, ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló máa jáde, tí wọ́n bá gé èmi ńkọ́? Wọ́n ṣì ń kọ ọ́ lórin dòní olónìí.

Kí n tó lọ, ẹ̀rù ń bà mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, tí Orò bá ń ké nílé wa, obìnrin á ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni, ẹ ò jẹ́ sọ pé ẹ fẹ́ wò ó. Èmi wá fẹ́ gbé kámẹ́rà lọ síwájú òrìṣà onílẹ̀! Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n dúró níbẹ̀, ó ní chechi, iwájú pátápátá ni màmá mi máa ń jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ la débẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn ṣe, ọkùnrin kan nà gbalaja sórí ẹní, ó dijú, àbúrò ẹ̀ jókòó síbi orí ẹ̀, ó ń kun ojú fún un. Ẹ mọ nǹkan tó fi ń kùn ún? Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan! Igi àárín ewé àgbọn tó ti gbẹ, ó gé ẹnu ẹ̀ mú ṣóńṣó, ó ń fà á láti abẹ́ ojú dé ẹ̀gbẹ́ etí, ìlà tín-ín-rín bí irun, ọwọ́ ẹ̀ ò sì gbọ̀n rárá. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni funfun ẹ̀, atalẹ̀ pupa ni èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀rẹ́ mi bá mi tọrọ àyè, ọkùnrin yẹn ò lajú, ètè ẹ̀ nìkan ló mì díẹ̀, ó ní kí n yà á, ṣùgbọ́n kí n má tan iná sóun lójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tí wọ́n fi kun ojú yẹn, mi ò kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó dìde ni wọ́n ró ọ̀mùnú imọ̀ àgbọn mọ́ ọn nídìí, ọ̀mùnú tútù tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, màrìwò gan-an ni o jàre, mo ṣáà ń wò ó, mi ò tètè rántí kámẹ́rà.

Nígbà tí ìlù chenda ti gbóná, wọ́n gbé adé ńlá lé e lórí, wọ́n sì gbé dígí kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Wọ́n ní tó bá ti wo inú dígí yẹn, kì í ṣe ojú ara ẹ̀ ló ń rí mọ́, ojú òrìṣà ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mo ti ṣìnà nígbà tí mo ní egúngún ni. Egúngún wa, aṣọ bò ó, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹni tó wà nínú ẹ̀kú. Èyí, ìṣojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti kùn ún, ọmọdé tó jókòó tì mí mọ orúkọ ẹ̀, ó mọ ilé ẹ̀. Ẹlẹ́gùn ló yẹ kí n ti pè é, bí ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Nǹkan kan wá sọ sí mi lọ́kàn pé ẹni tó fún mi láyè láti ya fọ́tò, ọkùnrin orí ẹní yẹn ni, ta ló wá fún mi láyè láti ya ẹni tó dìde yìí?

Iná ńkọ́? Aago mẹ́rin ìdájí, Theyyam mìíì ló wá ń bẹ́ sínú òkìtì ẹyín iná, àwọn oníkámẹ́rà pọ̀ bí eṣú, mo yà á, ó dáa, gbogbo wa la ya nǹkan kan náà.

Èyí tó ká mi lára ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Lẹ́yìn tí ẹni tí mo ń sọ yẹn jó tán, àwọn èèyàn tò láti bá òrìṣà sọ̀rọ̀. Ó kan màmá kan, arúgbó, òrìṣà di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, ó tẹ etí sí i, màmá ń sọ, ó ń sọ, òrìṣà fi ìyẹ̀fun atalẹ̀ pupa sí i lọ́wọ́. Mo ti sún mọ́ wọn, mo ń yà á. Bàbá kan rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó nawọ́ sẹ́yìn mi, mo wẹ̀yìn, àwọn tó tò ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí mo dí wọn lọ́nà. Ojú tì mí, mo kúrò. Ṣùgbọ́n mo ti ya méje.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n bá ọkùnrin yẹn nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú òróró àgbọn, ó ń mu tíì, ó ní iṣẹ́ bíríkìlà lòun ń ṣe tí Theyyam bá kásẹ̀ nílẹ̀. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó ń fò wọ́n kọjá, adé, ijó, gbogbo ẹ̀, ó wá dúró síbi tí àbúrò ẹ̀ ti ń fa ìlà sí i lágbọ̀n. Ó ní kí n fi ìyẹn ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá gbé fọ́tò màmá sórí kọ̀ǹpútà. Omijé wà lójú ẹ̀, ó kán sórí atalẹ̀ pupa tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò tíì ya fọ́tò tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí, òótọ́ ni mo ń bá yín sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò ní kí n gbé e síta, pé ìta gbangba ni, òfin ò kọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé òfin ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa tẹ́ ẹ bá lọ dífá, owó lẹ máa sọ̀rọ̀ sí wúyẹ́wúyẹ́, babaláwo fúnra ẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ sọ. Màmá yìí ń bá òrìṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi wá ki lẹ́ńsì bọ àárín wọn.

Nítorí náà, mo tẹ ẹyọ kan jáde, ó wà nínú àpòòwé lórí tábìlì níbí. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ń lọ sílé ní December, àdúgbò màmá ẹ̀ ni arúgbó yẹn ń gbé, ó máa mú un lọ fún un. Tí màmá bá ní òun ò fẹ́ rí i, kí wọ́n fà á ya níbẹ̀. Mo ti pa méjèèje rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí.