Akẹtẹ̀ Wúrà Kan, Ẹ̀gbà Ọrùn Kan: Ọdún Ati-Atihan ní Kalibo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọdún tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni Ati-Atihan, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Kalibo, olú ìlú ìpínlẹ̀ Aklan, ní erékùṣù Panay, ilẹ̀ Filipínì. Inú oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù náà sì ni ó máa ń dé góńgó. Ẹ má retí pé n ó ka ètò ọdún náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo bá wá.

Bí àwọn ará Panay ṣe ń pa ìtàn náà nìyí. Datu ni wọ́n ń pe ìjòyè níbẹ̀. Datu mẹ́wàá kan wà ní erékùṣù Borneo, Makatunao tó jọba lé wọn lórí sì ni wọ́n lára kọjá ààlà. Wọ́n kó aya, ọmọ àti ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sá. Panay ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ilẹ̀ náà ní olówó orí: àwọn Ati ló ni ín, ènìyàn dúdú ni wọ́n, wọn kò ga, irun wọn sì ta kókó. Marikudo ni olórí wọn. Datu Puti, tó ṣáájú àwọn àlejò, fi salakot wúrà lọ̀ ọ́. Akẹtẹ̀ ni salakot, irú èyí tí àgbẹ̀ ń dé nínú oòrùn. Ti wúrà ni wọ́n ṣe èyí. Marikudo fẹ́ gbà. Maniwangtiwan ìyàwó rẹ̀ ní rárá, àfi tí wọ́n bá fún òun ní ẹ̀gbà ọrùn wúrà tó gùn dé ilẹ̀. (Ẹ ṣàkíyèsí pé obìnrin ni wọ́n gbé ojúkòkòrò lé lórí. Ọwọ́ àwọn apìtàn ni, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é.) Wọ́n fún un. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ di ti àlejò, àwọn Ati sì di ẹrù wọn, wọ́n gun òkè lọ.

Nígbà tó yá, ìyàn mú lórí òkè. Àwọn Ati sọ̀ kalẹ̀ wá tọrọ oúnjẹ. Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún wọn, wọ́n jó ìjó ìdúpẹ́, ni àwọn tó fún wọn lóúnjẹ bá ha dúdú ìdí ìkòkò, wọ́n fi pa ojú, wọ́n sì bá wọn jó. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ tí wọ́n san owó ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ti para, kí inú àwọn tó ta ilẹ̀ lè dùn. Bó ṣe wù kó jẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ ọdún náà ti wá: Ati-Atihan, ṣíṣe bí Ati.

Mo rí i pé ẹnìkan ní ìlà iwájú ti fajú ro látìgbà tí mo ti dárúkọ dúdú ìkòkò. Ẹ fara balẹ̀, n ó débẹ̀.

Bí ọjọ́ ọdún bá pé, ìlù ló ń jí ìlú. Èèyàn á fi èédú kun ojú, apá àti ẹsẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ aláràbarà pẹ̀lú ìyẹ́ àti ìkarahun, wọ́n á máa pariwo, “Hala bira! Puera pasma!” Pasma ni àìsàn tí wọ́n gbà pé ó ń kọlu ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tó wá fara kan tútù. Ẹni tó ń jó nínú òógùn tí òjò sì ń pa á ló ń lé e sẹ́yìn. Sadsad ni wọ́n ń pe ìjó náà, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ tẹ̀ lé ìlù, kò sì sí okùn tó pààlà láàárín oníjó àti òǹwòran. Èèyàn lè jáde wá ra omi kó sì bá ara rẹ̀ láàárín agbo. Ìdíje wà o, àmọ́ sadsad yìí ni mo kà sí ẹ̀mí ọdún náà. Ọdún Sinulog ti ìlú Cebu àti ọdún Dinagyang ti ìlú Iloilo, tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀, gbára lé ẹgbẹ́ oníjó tó ti fi ìjó dánra wò fún oṣù mélòó kan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú kàtídírà, nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn tò, wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á mú ère Santo Niño, Jésù ọmọdé, wọ́n á fi pa wọ́n lórí, léjìká, lẹ́yìn, níbi tó ń dùn wọ́n. Paeapak ni wọ́n ń pe ìyẹn. Magellan, atukọ̀ òkun tí ọba Spéìn rán, ló kọ́kọ́ mú irú ère bẹ́ẹ̀ dé erékùṣù wọn, nígbà tó fi ta ayaba Cebu lọ́rẹ ní 1521. Ìtàn Ati àti Jésù ọmọdé kò bára tan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn Spéìn dé, ìlù kan náà ni wọ́n ń jó sí.

Ṣé wọ́n ta ilẹ̀ náà lóòótọ́? Ìwé tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ni Maragtas, tí Pedro Monteclaro tẹ̀ jáde ní 1907. Ní 1968, William Henry Scott, ará Amẹ́ríkà tó fi Filipínì ṣe ilé, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní fún oyè ọ̀mọ̀wé. Kò rí ìwé àtijọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni Monteclaro kọ sílẹ̀, àwọn mìíràn ló wá ń kà á bí ẹní ka ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Scott kan náà ló tú àṣírí òfin Kalantiaw, tí wọ́n ní datu kan tó ń jẹ́ Kalantiaw ṣe ní 1433, tí Aklan sì fi ń yangàn: Jose Marco, ẹnìkan tó ń ṣe ayédèrú ìwé àtijọ́, ló hun ún. Ní 2004, àjọ ìtàn orílẹ̀-èdè náà kéde pé òfin yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan á ní tí kò bá ṣẹlẹ̀, kí la wá ń jó fún? Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni iṣẹ́ tí ìtàn náà ń ṣe. Rìsíìtì ni. Ó ń sọ pé a kò gbà á lọ́wọ́ yín, a rà á, ẹ̀yin fúnra yín gbowó, ẹ tún bá wa jó. Ẹni tó ra ilẹ̀ ló ń pa ìtàn náà, òun náà ló ń kun èédú. Ìdáhùn mi fún ẹni tó fajú ro nìyí: àwọ̀ dúdú tí wọ́n kùn kò dùn mí tó ibi tí wọ́n fi àwọn tó ni àwọ̀ náà sí nínú ìtàn, lórí òkè, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń dúpẹ́.

Àwọn Ati ṣì wà. Nínú Aklan kan náà ni erékùṣù Boracay wà, tí àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ nítorí iyanrìn funfun rẹ̀. Ó lé ní 1,000 hẹ́kítà. Òfin 1997 ló fún àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ bàbá wọn, ní 2011 sì ni àwọn Ati ibẹ̀ gba ìwé ilẹ̀ tiwọn: hẹ́kítà 2.1. Bí a bá fi ọgọ́ta lórí ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà tiwa wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n pulọ́ọ̀tì. Síbẹ̀, àwọn mìíràn ní tiwọn ni. Ní oṣù Kejì 2013, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbẹnu sọ fún àwọn Ati náà. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n jó Ati-Atihan ọdún yẹn tán ní Kalibo.